Lásárù àti Erùpẹ̀ Ààtàn Olókùúta

Ní Àbà Olókùúta, lápá Akínyẹlé, bí a bá ń wá ẹni tí kì í fi nǹkan ṣòfò, ilé Lásárù ni wọ́n á júwe fúnni. Ìṣó tó ti wọ́ bí ìwọ̀ ẹja, Lásárù yóò lù ú títí yóò fi nà. Bí ó bá jẹ ẹja tán, ológbò ilé rẹ̀ kì í wulẹ̀ dìde, torí ó ti mọ̀ pé egungun tó kù kò ní ohun kan lára mọ́. Ìyá rẹ̀ ló fi ìwà náà kọ́ ọ. Láfún ni obìnrin náà ń ṣe títí ó fi kú, orí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn àbà ló sì ń sá a sí. Nírọ̀lẹ́, bí ó bá kó èyí tó gbẹ tán, yóò fi ìgbálẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó gbá ìyókù jọ títí ojú àpáta yóò fi mọ́. Bí ẹ̀kúnwọ́ kan bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, Lásárù kò ní jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ fi ìgbálẹ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1955, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé lóríṣiríṣi sí yunifásítì, Lásárù wà lára àwọn tó ń ru bíríkì. Nígbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ dín kù, wọ́n gbà á síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ físíìsì, kí ó máa gbálẹ̀, kí ó sì máa fọ ìgò. Kò mọ̀wé ju kí ó ka Bíbélì àti ìwé orin ìjọ Kérúbù lọ, ṣùgbọ́n ìgò kan kò fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà. Mo mọ àwọn tó ní dìgírì méjì tí wọn kò lè fi ìyẹn yangàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, tó fi di pé òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ àti ohun èlò fún Dókítà Ifáyẹmí.

Dókítà Ifáyẹmí yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Òyìnbó dé ni. Lásárù fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ, nítorí náà kì í pè é lórúkọ gbàlàjà bí àwọn ọ̀gá yòókù ti ń ṣe. “Bọ̀ọ̀dá Lásárù” ló ń pè é, Lásárù náà kò sì jẹ́ pè é ní ohun mìíràn ju “Dókítà” lọ. Àwọn méjèèjì a máa “ẹ” ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́ bí àna méjì.

Nígbà tí àwọn Faransé yin bọ́ǹbù wọn ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní 1960, ẹ̀rù ba tọmọdé tàgbà pé ọyẹ́ yóò gbé oró rẹ̀ wá bá wa. Dókítà Ifáyẹmí ní kí a tó mọ ohun tí àlejò gbé wọlé, ó yẹ kí á ti mọ ohun tó wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Lásárù pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìtànṣán kan tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ní òkúta líle bí irú èyí tó pọ̀ ní ilẹ̀ Ìbàdàn a máa ní in ju erùpẹ̀ lásán lọ. Ohun tí òun fẹ́ wọ̀n ni èyí tó wà nínú ilẹ̀ ààtàn, torí ibẹ̀ ni ìlú ń da gbogbo nǹkan sí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n tún ti ń gbin ohun tí ìlú ń jẹ. Ààtàn mẹ́jọ ló yàn. Nígbà tí Lásárù gbọ́ pé Olókùúta wà níbẹ̀, orí rẹ̀ wú bí ẹni tí wọ́n fi jẹ baálẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ọkọ̀ ìdọ̀tí ti ń kó pàǹtí ìgboro àti ti ọjà Ṣáṣá wá dà sí ààtàn yìí. Etí rẹ̀ ni Àmọ̀pé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Múyì, ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Àbúrò ìyá Lásárù ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ará ọkọ pín oko láàárín ara wọn, wọ́n sì fi etí ààtàn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sílẹ̀ fún opó. Wọ́n rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, tẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ sì ń fẹ̀ bí ìbòrí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n, ti Ìyá Múyì ni wọ́n ń dúró dè ní Ṣáṣá. Òun ló fi ń jẹun, òun náà ló sì fi rán Múyì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sí ilé ìwé tíṣà.

Ọjọ́ tí Dókítà àti Lásárù wá bu erùpẹ̀ níbẹ̀, ní oṣù Kejìlá 1963, Ìyá Múyì ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ̀ tán ni. Wọ́n bu erùpẹ̀ kún àpò mẹ́rin. Bí iṣẹ́ náà ti rí ni pé erùpẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, wọn á jọ̀ ọ́ bí èlùbọ́, wọn á rọ ọ́ sínú agolo, wọn á fi ìda dí i pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n tó gbé e síwájú ẹ̀rọ ńlá tó ń ka ìtànṣán. Dókítà fẹ́ lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ní kí Lásárù tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí bébà mímọ́ nínú yàrá, kí ó gbẹ fúnra rẹ̀.

Ti ààtàn méje yòókù gbẹ. Ti Olókùúta kọ̀, omi Ìyá Múyì kò kúrò lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ṣì tutù rinrin. Lásárù wò ó títí, ó ní kí ló dé tí òun fi ń jìyà nígbà tí àpáta wà. Ó di àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé wọn lọ sílé.

Àpáta Olókùúta kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń dé kí ó tẹ́ ohun tó bá wù ú sí. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀ níbẹ̀, ìyá ọkọ ló sì ń fà á lé ìyàwó lọ́wọ́. Àárín gbùngbùn, níbi tó dán, ni ojú ti ìyá Lásárù wà, Léà ìyàwó rẹ̀ ló sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin rí ọkùnrin tó gbé ìdọ̀tí ààtàn bọ̀ níbi tí wọ́n sá oúnjẹ sí, Hàjàrá, tó dàgbà jù nínú wọn, dìde dúró. Ó béèrè lọ́wọ́ Lásárù pé ṣé yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ ọ kí ó máa fi ààtàn ṣe ẹlẹ́gbẹ́ láfún. Wọ́n lé e lọ sí ìpẹ̀kun àpáta, lápá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí òkúta ti ń bó bí èèpo igi, tí ẹnikẹ́ni kì í sá nǹkan sí.

Oòrùn ọjọ́ méjì parí iṣẹ́. Lásárù ń fi ọkọ́ yí erùpẹ̀ náà padà, ọkọ́ sì ń ha òkúta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó kó o, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì gbá ìyókù jọ títí ojú àpáta fi mọ́ tónítóní. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní bí ìyá òun bá ń wo òun láti ọ̀run, yóò mọ̀ pé ọmọ òun kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà tí Dókítà ti Èkó dé, ó béèrè bóyá gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, Lásárù ní ó ti gbẹ. Kò parọ́. Kò kàn rí ìdí tí òun yóò fi máa ròyìn àpáta fún ẹni tó ti ìlú Òyìnbó dé.

Ní oṣù Kejì, ẹ̀rọ ka erùpẹ̀ gbogbo wọn. Ààtàn méje fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti Olókùúta tó ìlọ́po méjì wọn, agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tún un kà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ojú rẹ̀ kò tú ká. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n etí ọba nílé, etí ọba lóko, èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Káńsù, wolé-wolé kan tó ń jẹ́ Lìádì sì gun alùpùpù wá sí Olókùúta, ó ri òpó mọ́lẹ̀, ó fi okùn yí ààtàn àti oko ẹ̀fọ́ ká. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já. Bí ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀ náà dára kò bá ti ọ̀dọ̀ Dókítà wá kí oṣù Kẹrin tó wọlé, katakata yóò wá da ilẹ̀ pupa bo gbogbo ibẹ̀ kí òjò tó dé.

Ní Ṣáṣá, wọ́n ní bọ́ǹbù àwọn Faransé ló já sí ààtàn Olókùúta. Òmíràn ní òun rí i tí ẹ̀fọ́ Ìyá Múyì ń tàn nínú òkùnkùn. Ẹ̀fọ́ tí obìnrin náà ti já kí Lìádì tó dé, ó gbé e lọ sọ́jà láàárọ̀, ó gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọn kò ra ìdì kan. Ọ̀dọ̀ Lásárù ló gbà lọ. Kò tilẹ̀ sọ igbá kalẹ̀.

“Àrẹ̀mú,” ó fi oríkì pè é, “ìwọ lo mú wọn wá. Ṣé òótọ́ ni pé ilẹ̀ mi ń pa èèyàn?”

Lásárù wolẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀rọ kì í purọ́, ìyá mi.”

Obìnrin náà dúró díẹ̀ sí i, bóyá yóò tún sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí kò sọ ọ́, ó yí padà, ó ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun kò ti dùn mọ́ Lásárù. Bí ó bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn Ìyá Múyì ló ń gbọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì sí i ni, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Léà gbé ọkà láfún fún un. Òkèlè kẹta ni eyín rẹ̀ gba òkúta, tó dún kàù. Ojú rẹ̀ le. Ẹni tí kì í tu oúnjẹ dànù, ó tu ún. Léà bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí ó má dá òun lẹ́bi, kí ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Láti ìgbà tó ti sá ààtàn sórí àpáta ni àwọn Hàjàrá ti ní ojúlé wọn ti di aláìmọ́, pé kí ìyàwó rẹ̀ náà máa lọ sá láfún sí ìpẹ̀kun tí ọkọ rẹ̀ lò. Láfún àtijọ́ ni wọ́n ti ń jẹ, ọ̀sẹ̀ yẹn ló tán.

“Bí mo ṣe ń gbá a ni òkúta ń bá a wá,” Léà wí. “Mo jọ̀ ọ́, mo tún un jọ̀. Èyí tó kúnná lára rẹ̀, ṣe ló ń bá láfún gba inú ajọ̀ kọjá. Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi ṣà á?”

Lásárù gbàgbé ebi. Ó wo òkúta kékeré tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rántí ọkọ́ tó ń ha àpáta, ó rántí ìgbálẹ̀, ó sì rántí ohun tí Dókítà sọ nípa òkúta líle.  Òkúta ni ẹ̀rọ ń kà láti ọjọ́ yìí wá, òun Lásárù ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a sínú ilẹ̀ Ìyá Múyì.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn pé ó dìde lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá lé e, ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́? Ó sì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láé. Òjò yóò rọ̀, katakata yóò ti kọjá. Ó gbàdúrà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà kò ràn án lọ́wọ́ láti sá fún un. Ohun tó dá a lẹ́jọ́ ni pé ó ti sọ fún Ìyá Múyì pé ẹ̀rọ kì í purọ́, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun purọ́ fún ẹ̀rọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó dúró síwájú tábìlì Dókítà, ó rò ó láti orí omi Ìyá Múyì títí dé orí òkúta inú ọkà. Dókítà Ifáyẹmí ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú bí i, ó sì hàn. Iṣẹ́ oṣù méjì ló dà nù yẹn. Ó béèrè ìdí tí kò fi sọ nígbà tí òun ti Èkó dé.

“Mo rò pé mo ṣe dáadáa ni, Dókítà. Mi ò fẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò.”

Dókítà dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó padà. “Bọ̀ọ̀dá Lásárù, àṣìṣe yín kò ba iṣẹ́ yìí jẹ́ tó bí ìdákẹ́ yín ì bá ṣe bà á jẹ́. Bí ẹ bá ti dákẹ́ ni, ǹ bá lé yín. Ẹ lọ gbé ẹ̀rọ kékeré wá, ká lọ.”

Ẹ̀rọ kékeré yìí, àpótí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ ni. Bí ó bá ti gbọ́ ìtànṣán, yóò máa dún tà, tà, bí àgbàdo tó ń tà nínú agbada. Kí wọ́n tó dé etí ààtàn, gbogbo àbà ti jáde. Dókítà gbé e kalẹ̀ sáàárín oko ẹ̀fọ́. Tà. Ó dákẹ́. Tà, tà. Ó tún dákẹ́. Ó wá gbé e lọ sórí àpáta, ó sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn. Àpótí náà kò sinmi mọ́.

Kò tíì ṣàlàyé ohun kan tí Hàjàrá fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó láfún rẹ̀ kúrò nílẹ̀ wìtìwìtì. Dókítà jókòó sórí àpáta náà pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá náà pé ta ló ń sá láfún síbẹ̀ ṣáájú òun. Hàjàrá ní ìyá ọkọ òun ni, àti ìyá ọkọ ìyẹn náà. Ó béèrè bí wọ́n ṣe pẹ́ láyé tó. Hàjàrá ní ìyá ọkọ òun gbé ọmọ ọmọ ọmọ jó kí ó tó kú.

“Kí wọ́n tó tẹ Ìbàdàn dó ni ohùn yìí ti wà nínú àpáta,” Dókítà wí. “Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ká gbọ́ ọ ni. Ó kéré, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wà níbi gbogbo tí irú òkúta yìí wà. Ẹ máa sá láfún yín. Ìgò fífọ́ inú ààtàn yẹn gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún.”

Lẹ́yìn náà ó ní ó ku ẹni tí yóò sọ ìyókù. Lásárù bọ́ síwájú. Iwájú àwọn obìnrin tó lé e, iwájú ìyàwó rẹ̀, iwájú Ìyá Múyì tó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó sọ bí ó ṣe fi ọkọ́ ha òkúta, tó sì fi ìgbálẹ̀ gbá a mọ́ erùpẹ̀. “Ìgbálẹ̀ mi ló purọ́ mọ́ ilẹ̀ yín, ìyá mi,” ó wí. “Àwa yóò tún un wọ̀n. Bí ó bá burú, n óò sọ fún yín. Bí ó bá dára, n óò sọ fún yín.” Ìyá Múyì wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ó dun Lásárù wọnú egungun. Ó rò pé ìyá náà kò ní dárí ji òun láéláé.

Wọ́n bu erùpẹ̀ tuntun lọ́jọ́ náà gan-an. Orí bébà ló gbẹ sí, Lásárù kò sì jẹ́ kí ìgbálẹ̀ wọ yàrá náà títí wọ́n fi dí agolo. Títí di bí mo ti ń wí yìí, ní 1968, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Lásárù ni yóò kọ́kọ́ mú un jókòó, yóò sọ ìtàn ìgbálẹ̀ fún un kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan. Àwọn ọmọ náà a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé ní ọjọ́ tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù Kẹta parí. Ẹ̀rọ ńlá ka agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilẹ̀ Ìyá Múyì kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí ti ààtàn méje yòókù. Dókítà kọ ìwé ẹ̀rí náà ní ẹ̀dà méjì, ó fọwọ́ sí wọn, Lásárù sì fi kẹ̀kẹ́ gbé ọ̀kan fún Lìádì fúnra rẹ̀. Wolé-wolé náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ lé e wá sí Olókùúta, ó tú okùn, ó hú òpó. Inú òun náà dùn. Kò sí ẹni tó wù kí ó máa gba oko lọ́wọ́ opó.

Lásárù sáré lọ sí ilé Ìyá Múyì, ó ń ro bí òun yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó bá a lẹ́yìn ilé. Agbọ̀n gbígbó, bàsíà tó ti lu, ìkòkò tó ti sán, ó tò wọ́n síbẹ̀ lọ bí ọjà, ọmọ tẹ̀tẹ̀ àti ọmọ ìgbá sì kún inú gbogbo wọn, wọ́n tó tú gbìn sóko, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Obìnrin náà ń bomi wọ́n wọn.

Lásárù na ẹ̀dà kejì ìwé náà sí i. Ó ní ilẹ̀ náà dára, wọ́n ti tú okùn.

“Mo mọ̀,” Ìyá Múyì wí. “Ọjọ́ tí o sọ̀rọ̀ lórí àpáta ni mo gbin ìwọ̀nyí.”

“Ẹ gbìn wọ́n? A kò tíì wọ̀n ọ́n nígbà náà, ìyá mi.”

“Ẹni tó lè dúró láàárín àwọn Hàjàrá kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣìṣe,” ó ní, “bí ilẹ̀ mi bá burú, yóò wá sọ fún mi. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Mo wá lọ wá irúgbìn mi.”

Omi bọ́ lójú Lásárù, kò sì fi í pamọ́. Ìyá Múyì gbé agbọ̀n kan lé e lórí, òun náà gbé bàsíà, wọ́n kọrí sí ààtàn. Wọ́n ń tú u gbìn síbẹ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, Lásárù ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò.